‘Ó’ àti ‘Òun’: Bí Mo Ṣe Fi Etí Ṣiṣẹ́ Jẹun ní Ilẹ̀ Kétu

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, èmi náà ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe láyé, mo máa ń dáhùn pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀, mo sì kọ ohun tí mo gbọ́. Àwọn kan a bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Iṣẹ́ ni o. Ó ní ọ̀gá, ó ní irinṣẹ́, ó ní ìyà tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ àtìmọ́lé nítorí ẹnu mi.

Àbẹ̀bí ni orúkọ mi. Idigny, ní agbègbè Kétu, ni wọ́n bí mi sí. Àgbàdo àti iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Mo gba sẹtifíkà nílé ìwé àwọn Fáda, wọ́n sì ti bá mi ṣètò láti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Ẹrù mi ti wà nínú àpò. Kò tíì pẹ́ rárá tí Dàhòmè, tí wọ́n ń pè ní Benin lónìí, gba òmìnira nígbà náà, orin orílẹ̀-èdè tuntun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kò tíì yọ̀ dáadáa lẹ́nu àwọn àgbà.

Ìgbà náà ni obìnrin òyìnbó kan dé sí agboolé katikísì wa pẹ̀lú àpótí onígi mẹ́rin. Madamu Sólánjì ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó ní òun wá kọ èdè Kétu sílẹ̀ bí àwọn ará Kétu ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé tó ti ìlú mìíràn wá. Nítorí àmì tó máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ gbogbo, kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń pè é ní Ìyá Alámì. Ó ń wá ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Faransé, tí àwọn ìyá kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún. Katikísì dárúkọ mi.

Bàbá mi kò fẹ́. Ó ní, “Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n.”

Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gẹ́ kò gbójú sókè. Ó ní, “Bí kò bá kún agbọ̀n, kò kúkú ní fọ́ agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó lọ wò ó.”

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Ti owó, ó tó jẹ, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, Ìyá Alámì kò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan. Ó ní kí n máa gbọ́. Á pe ọ̀rọ̀ kan, á ní kí n fi súfèé fọn ohùn rẹ̀ láìpe ọ̀rọ̀ náà: igba, igbá, ìgbà, ìgbá. Bí súfèé mi bá yẹ̀ díẹ̀, á ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń bí mi. Èmi tí mo ti ń sọ èdè yìí kí n tó ní eyín! Ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ náà ni mi ò ṣe gbọ́ ọ. Ẹja kì í mọ̀ pé omi tutù.

Nígbà tó gbà kí n gbé pẹ́ńsù, ó kó pálí kéékèèké fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní fíìṣì. Gbólóhùn kan fún pálí kan. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́, abúlé rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí mo bá ṣì í kọ, n kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ilà kan ṣoṣo ni kí n fà á lójú, kí àṣìṣe náà lè máa hàn.

Ọjọ́ kan ló rán mi lọ sí Kpankou, sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣọlá, pé kó sọ bó ṣe sọnù sínú igbó nígbà èwe rẹ̀. Bàbá sọ ọ́ dáadáa. Mo kọ ọ́, mo gbé e délé. Ìyá Alámì mú pálí kan lára wọn, ó kà á: “Mo rin ọ̀nà jíjìn, mo sì ṣìnà.”

Ó wò mí. “Ṣé ohun tí bàbá sọ nìyí?”

“Bàbá ní, ‘Mo lọ, mo lọ, mo lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé ibi tí mo ti ń bọ̀ ni mo tún wà.’ Ohun tó túmọ̀ sí náà ni mo kọ, Madamu.”

“Mi ò rán ọ lọ gbé ìtumọ̀ wá. Ẹnu bàbá ni mo rán ọ lọ gbé.”

Ó ya pálí mọ́kànlélógún lójú mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tún fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Kpankou. Bàbá Ṣọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, “Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi ń bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe?” Ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ‘mo lọ’ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú pálí mi.

Kí Ìyá Alámì tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ti gbé ọdún púpọ̀ láàárín àwọn ará òkè kan ní ilẹ̀ Éṣíà, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè. Èdè wọn bá ti Tibẹti àti ti Bọ́mà tan. Ó ní àfonífojì mélòó kan péré ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè náà kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń pa ẹ̀pà, mo bi í pé báwo ni èdè àwọn ará òkè yẹn ṣe rí.

Ó ní, “Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn nírù.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Irú ìrù wo, Madamu?”

“Ìwọ wò ó. Bí mo bá fẹ́ sọ pé èmi lọ, ìrù ‘lọ’, ìyẹn òpin ọ̀rọ̀ náà, á gùn. Bí mo bá ní ìwọ lọ, tàbí òun lọ, ìrù á kúrú. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi ọ́ pé ṣé o lọ, ìrù tó gùn ló máa padà wá, torí pé ìwọ tí mo ń bi lo mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ.”

“Ọ̀rọ̀-ìṣe tó mọ ẹni tó ni ín, bí ajá ṣe ń mọ olówó rẹ̀!”

“Ó tún kù. Bí mo bá dédé ṣubú, tí mi ò fi ọwọ́ ara mi fà á, ìrù kúkúrú ni màá lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ṣubú. Ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìkan ló nírù gígùn.” Ó da ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú igbá. “Ó wá ku ti ọ̀rọ̀ agbọ́sọ. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fúnra òun lọ, ìrù gígùn. Bó bá sọ pé ẹlòmíràn lọ, ìrù kúkúrú. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí Òjó bá sọ pé Òjó alára lọ sóko, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?”

Ọwọ́ ń ro mí. Ilé ìwé Faransé ṣì wà lórí mi bí gèlè. Mo ní, “Tàwa ò nírù, Madamu. Mo lọ, o lọ, ó lọ. Òjó ní ó lọ sóko.”

“Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló lọ ńkọ́?”

“Òjó ní ó lọ sóko. Bákan náà ni.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àmì ìbéèrè kékeré kan sí igun pálí náà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn ni àká àgbàdo Bàbá Àlàó jóná ní Odòmẹ́ta. Oúnjẹ agboolé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó di ẹjọ́ ìjọba. Ìyá Alámì ti lọ sí Àjàṣẹ́ láti tún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ògbufọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ní Kétu ti lọ síbi òkú. Ọ̀gá ọ́fíìsì, ọmọ gúúsù tí kò gbọ́ ju Fọ̀n àti Faransé lọ, ní kí wọ́n lọ pe ọmọbìnrin tó ń bá òyìnbó kọ̀wé ní Idigny. Orí mi wú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Sàfú ni ẹlẹ́rìí, obìnrin àgbà kan ní Odòmẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Búràímọ̀, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá ti Bàbá Àlàó pààlà. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní kí n bi í ní ohun tó mọ̀. Ìyá ní, “Búràímọ̀ sáré wọlé bá mi. Mo ní Dáúdà dà? Ó ní ó dáná sí koríko, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ sídìí àká.” Àbúrò Bàbá Àlàó gan-an ni Dáúdà yìí. Kò sí ẹni tó tíì fura sí i.

Ọ̀gá ọ́fíìsì kan pẹ́ńsù mọ́ tábìlì. Ó ní kí n gé e kúrú. Mo gé e kúrú lóòótọ́. Mo fo ìbéèrè ìyá nípa Dáúdà, mo sọ ọ́ ní Faransé pé Búràímọ̀ sáré wá, *il* ní *il* dáná sí koríko. *Il*, ‘ó’ àwọn Faransé, kì í ya ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn. Ọ̀gá kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Mo padà sílé, mò ń kọrin lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Sàfú dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àbẹ̀bí, wọ́n ti gbé Búràímọ̀ lọ. Wọ́n ní èmi ni mo sọ pé ó jẹ́wọ́. Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá, ohun tí ẹ sọ náà ni mo sọ. Ẹ ní ó ní ó dáná sí koríko.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ní ó ní *ó* dáná. Ṣé mo ní ó ní *òun* dáná ni? Ta ni mò ń bi í léèrè? Ṣé kì í ṣe Dáúdà?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ìyá yìí kò kàwé rí, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé kò sí nínú èdè wa. “Ó ní òun” ni bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀. “Ó ní ó” ni bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láìṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Alámì dé lọ́jọ́ kejì. Mo bá a níbi tó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sunkún. Mo ní mo ti ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Mo rò pé yóò lé mi. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

“Bí o bá sọ ọ́ ní èdè àwọn ará òkè, ìrù kúkúrú lo máa fi sí i. O ò mọ̀ọ́mọ̀.” Ó dìde. “Ṣùgbọ́n ìrù kúkúrú kì í yọ èèyàn látìmọ́lé. Nu ojú rẹ. Lọ kó pálí wá.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi rìn. Idigny, Odòmẹ́ta, Kpankou, kódà inú ọjà Kétu. A kò sọ ti ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan náà la ń bi àgbà àti ọmọdé, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì: “Òjó ní ó jẹ iṣu. Ta ló jẹ iṣu?” Kò sí ẹnì kan tó sọ pé Òjó ni. Obìnrin kan tilẹ̀ bínú, ó ní, “Ṣé ẹ rò pé mo ti dìdìnrìn ni? Bó bá jẹ́ Òjó ni, ṣé kò ní sọ pé òun ni?” Mo kọ ìyẹn náà, ìbínú rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

A kó pálí náà lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Mùsíọ̀, ẹlẹ́rìí kò ṣì í sọ, ẹ̀yin náà ò ṣì í kọ. Èmi ni mo ṣì í túmọ̀.” Nígbà tí Ìyá Alámì ṣàlàyé ìyókù, ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti àga rẹ̀.

“Nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ni kí n fi dá èèyàn sílẹ̀?”

Mo ní, “Nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn náà lẹ ṣe tì í mọ́lé.”

Mo rò pé ó máa lé wa jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pe ògbufọ̀ rẹ̀ tó ti dé láti ibi òkú, ó ní kó bi ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì bi obìnrin kan tó gbé iṣu wá síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkíní má gbọ́ ti èkejì. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n mú wá. Ọ̀gá bi ògbufọ̀ pé ìwọ náà ńkọ́? Ògbufọ̀ yọ fìlà. Ó ní, “Ọ̀gá, òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta wa kò lè ṣì í gbọ́.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dáúdà. Kò jiyàn. Ó ní òun ń sun koríko eteetí oko ni afẹ́fẹ́ fi yí padà, ojú ẹ̀gbọ́n òun ló ń ti òun tí òun kò fi lè sọ. Inú ẹbí ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Búràímọ̀ lò níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó dì mọ́ mi. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi kí mi. Ọjọ́ kan la pàdé lójú ọ̀nà oko, ó sọ igi tó rù kalẹ̀. Ó ní, “Àbẹ̀bí, wọ́n ní o ń kọ ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Kọ ọ́ dáadáa o.” Ó tún gbé igi rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi lẹ́nu iṣẹ́, mi ò gba àṣẹ tó wúwo ju ìyẹn lọ.

N kò lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ mọ́. Ìyá Alámì fa ilà kan ṣoṣo la ojú pálí “Bákan náà ni” yẹn, ó kọ èyí tó tọ̀nà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ohun tí àwọn ará òkè so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀yin gbé e síwájú rẹ̀. Níbi gbogbo tí èèyàn bá ń gbé, wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó ṣe nǹkan.” Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi àpótí méjì sílẹ̀ fún mi. Ó mú ẹ̀dà lọ, ó ní ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ tó ti hù.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìwé kíkà lédè wọn, mo ti kọ́ àwọn ògbufọ̀ pé kí wọ́n má gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kúrú, bó wù kí ọ̀gá kan tábìlì tó. Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àkọ́kọ́ wúwo bí àpò àgbàdo. Ìyá kan tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ní kí n yọ òun jáde kíákíá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo lò lẹ́yìn rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Faransé, kò mọ lẹ́tà ‘ẹ’, kò mọ ‘ọ’. Màá tẹ odindi ojú ìwé tán, màá wá fi bíírò sàmì sí ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ìka mi á fi wú. Ikán jẹ àpótí kan lára méjèèjì lọ́dún tí òjò pọ̀ jù. Mo sunkún, mo sì padà sí àwọn abúlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn jókòó, wọ́n sì sọ gbólóhùn náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé inú àpótí kọ́ ni èdè ń gbé. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, fóònù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ sì ń gba ohùn odindi abúlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń rìn lọ bá ìyá àgbà, tó ń bá a bó ẹ̀gẹ́ títí tó fi máa fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa yìn yín, ẹ wá òmíràn. Bí ẹ bá lè fara dà á kí ìyá tí kò kàwé kọ́ yín ní ohun tí ẹ rò pé ẹ ti mọ̀, ẹ wá. Ọ̀nà wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Jọ́kẹ́, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ kẹ́yìn, gun alùpùpù dé iwájú ilé mi. Kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

“Ìyá, mo rí ìyá àgbà kan lẹ́yìn Odòmẹ́ta. Ó ń lo ọ̀rọ̀ kan níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí mi ò rí nínú gbogbo ìwé yín.”

Mo ní, “Mo ti fẹ̀yìn tì, Jọ́kẹ́. Orúnkún mi ń dùn mí.”

“Ó ní ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti rí ẹni tó bi òun ní nǹkan kẹ́yìn.”

Mo gun ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. A gba ọ̀nà oko lọ, eruku pupa bò wá lójú, àgbàdo dúró ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ìyá náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó wo ewú mi, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní.

Ó ní, “Ẹ jókòó. Ibo lẹ fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Mo ní, “Ibi tó bá wù yín, Ìyá. A ò kánjú.”